Orí Kẹsàn-án: Owó Ìtọ́jú Ọmọ àti Ẹ̀tọ́ Òbí Lẹ́yìn Ìkọ̀sílẹ̀

Èròǹgbà

Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ka orí yìí tán, ó yẹ kí ó lè:

- sọ ìtumọ̀ owó ìtọ́jú ọmọ, ìkáwọ́ ọmọ, ẹ̀tọ́ ìbẹ̀wò, ojúṣe òbí àti ire ọmọ;
- mọ ilé-ẹjọ́ tí ẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀ kọ̀ọ̀kan tọ́ sí ní Nàìjíríà;
- ṣàlàyé ohun tí adájọ́ ń wò kí ó tó pinnu ọ̀dọ̀ ẹni tí ọmọ yóò máa gbé, àti iye tí òbí yóò máa san;
- ṣe ìṣirò ìnáwó ọmọ lóṣù, kí ó sì pín in fún òbí méjèèjì;
- fi ìyàtọ̀ hàn láàárín owó tí òbí gbọ́dọ̀ san àti ẹ̀tọ́ tí ó ní láti rí ọmọ.

Ìdájọ́ ìkọ̀sílẹ̀ máa ń fi òpin sí ìgbéyàwó láàárín ọkọ àti ìyàwó. Kì í fi òpin sí jíjẹ́ bàbá tàbí jíjẹ́ ìyá. Ìdí nìyí tí òfin fi ya ọ̀rọ̀ ọmọ sọ́tọ̀ kúrò nínú ọ̀rọ̀ ẹni tó jẹ̀bi àti ẹni tó jàre láàárín àwọn àgbàlagbà méjì. Orí yìí dá lórí Nàìjíríà, pàápàá àwọn ìpínlẹ̀ Yorùbá; ìsọ̀rí tó kẹ́yìn mẹ́nu ba Ìlú Ọba, nítorí pé òbí tí ọmọ rẹ̀ wà nílé nígbà tí òun wà lókè òkun kò ṣọ̀wọ́n mọ́.

9.1 Àwọn ọ̀rọ̀ tó ṣe kókó

Owó ìtọ́jú ọmọ ni owó tí ilé-ẹjọ́ pàṣẹ, tàbí tí àwọn òbí fẹnu kò lé lórí, pé kí òbí kan máa fi sílẹ̀ fún oúnjẹ, aṣọ, ibùgbé, ẹ̀kọ́ àti ìwòsàn ọmọ. Ní kóòtù ìbílẹ̀, “owó oúnjẹ” ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè é.

Ìkáwọ́ ọmọ ni àṣẹ láti máa gbé pẹ̀lú ọmọ àti láti máa bójú tó o lójoojúmọ́. Ó lè wà lọ́wọ́ òbí kan ṣoṣo. Tí àwọn méjèèjì bá jọ ní in, ìkáwọ́ àjùmọ̀ní ni.

Ẹ̀tọ́ ìbẹ̀wò ni ẹ̀tọ́ láti máa rí ọmọ, láti máa bá a sọ̀rọ̀, àti láti gbà á sọ́dọ̀ fún àkókò kan, nígbà tí ọmọ náà ń gbé lọ́dọ̀ òbí kejì.

Ojúṣe òbí ni àpapọ̀ ẹ̀tọ́, agbára àti iṣẹ́ tí òfin gbé lé òbí lọ́wọ́ nípa ọmọ rẹ̀ àti ohun ìní ọmọ náà.

Ire ọmọ ni ohun tó dára jù fún ọmọ ní ara, ní ọkàn, ní ìwà àti ní ẹ̀kọ́. Òun ni òṣùwọ̀n tí adájọ́ fi ń wọn gbogbo ohun yòókù.

Ọmọdé, gẹ́gẹ́ bí Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọ ti ọdún 2003 ṣe là á sílẹ̀, ni ẹni tí kò tíì pé ọdún 18.

9.2 Irú ìgbéyàwó àti ilé-ẹjọ́ tó ni í

Oríṣi ìgbéyàwó mẹ́ta ni òfin Nàìjíríà mọ̀: ti ìwé òfin, ti ìbílẹ̀ àti ti ẹ̀sìn Mùsùlùmí. Ọ̀nà tí a gbà wọlé la ń gbà jáde. Ẹni tó bá ṣe ìgbéyàwó ní rẹ́jísírì, tàbí ní ṣọ́ọ̀ṣì tí ìjọba fún láṣẹ, tó sì gba ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó lábẹ́ òfin, kò lè lọ tú u ká ní kóòtù ìbílẹ̀. Ilé-ẹjọ́ gíga nìkan ló lágbára bẹ́ẹ̀, lábẹ́ Òfin Ọ̀ràn Ìgbéyàwó ti ọdún 1970. Àṣìṣe yìí wọ́pọ̀ láàárín àwọn tó ṣe ìdána lọ́jọ́ Àìkú, tí wọ́n sì lọ sí rẹ́jísírì lọ́sẹ̀ kan náà. Wọ́n á mú ẹjọ́ lọ sí kóòtù tó sún mọ́ ilé, wọ́n á gba ìwé ìdájọ́ níbẹ̀, síbẹ̀ lójú òfin tọkọtaya ni wọ́n ṣì jẹ́.

Lábẹ́ òfin ọdún 1970 yìí, ìpele méjì ni ìtúká máa ń gbà. Adájọ́ á kọ́kọ́ pa àṣẹ ìtúká ti ìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta ni àṣẹ náà máa ń di ti ìkẹyìn. Ṣùgbọ́n tí tọkọtaya náà bá ní ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16, àṣẹ náà kò ní di ti ìkẹyìn àyàfi tí adájọ́ bá rí i dájú pé a ti ṣe ètò tó yẹ fún ọmọ náà, tàbí pé ìdí pàtàkì kan wà tí àṣẹ náà fi lè di ti ìkẹyìn láìsí ètò bẹ́ẹ̀. Ètò ọmọ ṣáájú òmìnira àwọn òbí nínú òfin yìí.

Ìgbéyàwó ìbílẹ̀ tọ́ sí kóòtù ìbílẹ̀, èyí tí àwọn ará ìlú ń pè ní kóòtù kọ́kọ́-kọ́kọ́. Láti ayé Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn àtijọ́ ni ìlànà ti wà nílẹ̀ fún un: ní ọdún 1958, ìjọba ẹkùn náà gbé àwọn òfin kékeré jáde lórí ìgbéyàwó, ìkọ̀sílẹ̀ àti ìkáwọ́ ọmọ, kí àwọn ìjọba ìbílẹ̀ lè mú wọn lò. Ní ti ìgbéyàwó Mùsùlùmí, Ilé-ẹjọ́ Kótẹ́milọ́rùn Ṣàríà wà ní Ìlọrin fún ìpínlẹ̀ Kwara. Kò sí irú rẹ̀ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ mẹ́fà ti Gúúsù Ìwọ̀-Oòrùn, nítorí náà kóòtù ìbílẹ̀ tàbí ìgbìmọ̀ àwọn áfáà ni àwọn Mùsùlùmí níbẹ̀ máa ń gbé ọ̀ràn wọn lọ. Ìpinnu ìgbìmọ̀ áfáà wúlò fún àwọn tó fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n kò ní agbára tí ìwé ìdájọ́ kóòtù ní.

Lókè gbogbo èyí ni Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọ wà. Ìjọba àpapọ̀ ṣe é ní ọdún 2003, lẹ́yìn tí Nàìjíríà ti fọwọ́ sí àdéhùn àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ ọmọ ní ọdún 1991. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló gbọ́dọ̀ sọ ọ́ di òfin tirẹ̀ kó tó múlẹ̀ níbẹ̀. Ìpínlẹ̀ Yorùbá mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti ṣe bẹ́ẹ̀, tí Èkó ṣe tirẹ̀ ní ọdún 2007. Òfin yìí kò béèrè irú ìgbéyàwó tí àwọn òbí ṣe, kò tilẹ̀ béèrè bóyá wọ́n ṣe ìgbéyàwó rárá. Ọmọ ló ń wò.

9.3 Ìkáwọ́ ọmọ: ohun tí adájọ́ ń wò

Nínú àṣà Yorùbá, ọmọ ti bàbá ni. Bí ìgbéyàwó bá tú, ìyá a máa tọ́jú ọmọ ọwọ́ títí ọmọ náà yóò fi já lẹ́nu ọmú tí yóò sì gbọ́njú díẹ̀, lẹ́yìn náà ni a ó dá a padà sí agbo ilé bàbá rẹ̀. Àṣà yìí ní ìdí tirẹ̀: orúkọ, oríkì, ogún àti ilẹ̀ ẹbí, ọ̀dọ̀ bàbá ni gbogbo wọn ti ń wá. Ṣùgbọ́n ilé-ẹjọ́ òde òní kì í fi àṣà nìkan ṣe ìdájọ́. Abala 71 nínú òfin ọdún 1970 sọ pé ire ọmọ ni adájọ́ gbọ́dọ̀ fi ṣáájú ohun gbogbo, kóòtù ìbílẹ̀ náà sì ń tẹ̀lé ìlànà yìí.

Kí ni ire ọmọ túmọ̀ sí níwájú adájọ́? Nínú ẹjọ́ Odogu àti Odogu, tí Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ dá ní ọdún 1992, ilé-ẹjọ́ náà ṣàlàyé pé ire ọmọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilé ńlá, aṣọ olówó iyebíye àti ẹ̀rọ amúlétutù. Ìdùnnú ọmọ àti bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń dàgbà ló ṣe pàtàkì jù. Èyí já èrò méjì nírọ́ tí àwọn ènìyàn máa ń gbé lọ sí kóòtù. Àkọ́kọ́ ni pé òbí tó lówó jù ni yóò gba ọmọ. Ìkejì ni pé òbí tó ṣẹ̀ nínú ìgbéyàwó kò ní rí ọmọ gbà. Ìkáwọ́ ọmọ kì í ṣe ẹ̀bùn fún ẹni tó jàre, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ìjìyà fún ẹni tó jẹ̀bi. Ìwà òbí ṣe pàtàkì níwọ̀n ìgbà tí ó bá kan ọmọ nìkan: ọtí àmupara, lílu ọmọ ní ìlù ìkà, fífi ọmọ sílẹ̀ láìsí olùtọ́jú.

Lára ohun tí adájọ́ máa ń wò ni ọjọ́ orí ọmọ àti ìlera rẹ̀. Ẹni tó ti ń tọ́jú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bóyá òbí náà ní àkókò fún un. Ilé-ìwé tí ó ń lọ àti bí àyípadà yóò ṣe rí lára rẹ̀. Àti bí a ṣe lè ṣe é tí a kò fi ní ya àwọn ọmọ ìyá kan náà nípá. Ọmọ tó ti gbọ́njú lè sọ ohun tí ó fẹ́. Adájọ́ lè pè é wọ yàrá rẹ̀, kí ó bá a sọ̀rọ̀ níbi tí bàbá àti ìyá rẹ̀ kò sí. Ó tún lè dá ẹjọ́ dúró títí òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ìgbáyé-gbádùn ará ìlú, èyí tí a mọ̀ sí wẹ́fíà, yóò fi lọ wo ilé àwọn òbí méjèèjì tí yóò sì kọ ìròyìn wá.

Ojú méjì ló ń bímọ, igba ojú ní ń wò ó. Òfin náà gba èyí wọlé: bí òbí méjèèjì kò bá yẹ, adájọ́ lè fi ọmọ sí ìkáwọ́ ẹlòmíràn, bí ìyá àgbà tàbí ẹ̀gbọ́n òbí. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè pé kí àwọn òbí máa fi owó ìtọ́jú ránṣẹ́.

Ní ti òfin Mùsùlùmí, ìlànà Màlíkì ni wọ́n ń tẹ̀lé ní Nàìjíríà. Ìtọ́jú ọmọ, tí wọ́n ń pè ní hadana, tọ́ sí ìyá: ọmọkùnrin wà lọ́dọ̀ rẹ̀ títí tí yóò fi bàlágà, ọmọbìnrin títí tí yóò fi lọ sílé ọkọ. Bí ìyá kò bá lè ṣe é, ìyá tó bí i ló kàn. Ní gbogbo àkókò yẹn, bàbá ló ń gbọ́ bùkátà. Ohun tí ìlànà yìí fi hàn kedere ni pé ibi tí ọmọ ń gbé yàtọ̀ sí ọwọ́ tí owó rẹ̀ ń gbà jáde.

9.4 Owó ìtọ́jú: ta ló ń san án, èló ni, títí di ìgbà wo?

*9.4.1 Ta ló ń san án?* Abala 14 nínú Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọ sọ pé ọmọ lẹ́tọ̀ọ́ sí ìtọ́jú láti ọwọ́ àwọn òbí rẹ̀ ní ìwọ̀n agbára wọn, ó sì lè gba ilé-ẹjọ́ ìdílé lọ láti béèrè ẹ̀tọ́ náà. Ẹ ṣàkíyèsí ohun méjì níbẹ̀. Ọmọ ló ni ẹ̀tọ́ náà. Òbí tó ń gba owó náà kàn ń gbà á fún un ni. Ìkejì, “àwọn òbí” ni òfin wí. Ìyá tó ń ṣiṣẹ́ náà ní ìpín nínú ìnáwó, kódà kí ọmọ máa gbé lọ́dọ̀ bàbá.

Ọmọ tí a bí nígbà tí ìgbéyàwó ṣì wà, tàbí láàárín ọjọ́ 280 lẹ́yìn tí ó tú ká tí ìyá rẹ̀ kò sì tíì fẹ́ ẹlòmíràn, ọmọ ọkọ náà ni Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011 kà á sí. Bàbá tó bá jiyàn lè bẹ ilé-ẹjọ́ pé kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tàbí ti DNA. Títí èsì yóò fi jáde, iyàn jíjà nìkan kò tó láti dá owó oúnjẹ dúró. Ọmọ tí a bí láìsí ìgbéyàwó ní ẹ̀tọ́ kan náà, nítorí abala 42 nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti ọdún 1999 sọ pé a kò gbọ́dọ̀ fi ipò tí a bí ènìyàn sí dù ú ní ohunkóhun. Òfin ọdún 1970 tún ka ọmọ tí ìyàwó tàbí ọkọ gbé wá láti ibòmíràn sí ọmọ ìgbéyàwó náà, tí ọmọ ọ̀hún bá ti ń gbé nínú ilé wọn gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan lára ìdílé.

*9.4.2 Èló ni?* Kò sí iye kan pàtó tàbí ìdá kan pàtó nínú òfin Nàìjíríà. Abala 70 nínú òfin ọdún 1970 sọ pé kí adájọ́ wo agbára àwọn òbí láti rí owó, ohun tí wọ́n ní, ìwà wọn àti gbogbo ohun mìíràn tó bá yẹ. Nítorí náà ẹ̀rí ṣe pàtàkì. Òbí tó bá kàn sọ pé “ọmọ náà ń náwó púpọ̀” kò tíì sọ nǹkan kan. Rìsíìtì ilé-ìwé, ìwé oògùn, àti àkọsílẹ̀ ohun tí ọmọ ń jẹ lọ́sẹ̀ ni adájọ́ lè fi ṣiṣẹ́.

Ẹ jẹ́ ká lo àpẹẹrẹ kan. Bàbá ọmọ jẹ́ tíṣà ní Òṣogbo, ₦180,000 ló ń wọlé fún un lóṣù. Ìyá ọmọ ń ránṣọ, ₦60,000 ló ń rí. Ọmọ wọn kan, ọmọ ọdún mẹ́jọ, ń gbé lọ́dọ̀ ìyá. Ìnáwó ọmọ náà lóṣù rèé:

| Ohun tí a ń ná owó lé | Iye lóṣù |
|---|---|
| Oúnjẹ | ₦40,000 |
| Ìpín ọmọ nínú owó ilé àti iná | ₦10,000 |
| Ọkọ̀ ilé-ìwé | ₦12,000 |
| Owó ilé-ìwé (₦60,000 ní sáà kan, sáà mẹ́ta, pín in sí oṣù 12) | ₦15,000 |
| Oògùn àti ìwòsàn | ₦7,000 |
| Aṣọ àti bàtà | ₦8,000 |
| Àpapọ̀ | ₦92,000 |

Owó tó ń wọlé fún àwọn méjèèjì jẹ́ ₦240,000. Ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin rẹ̀ ni ti bàbá. Bí a bá fi ìwọ̀n yẹn pín ìnáwó ọmọ, ₦69,000 kan bàbá, ₦23,000 kan ìyá. Òfin kò pa á láṣẹ pé báyìí gan-an ni kí adájọ́ ṣe ìṣirò, ṣùgbọ́n ọ̀nà yìí ń jẹ́ kí àwọn méjèèjì rí ibi tí nọ́ńbà ti wá, ìyẹn sì máa ń dín àríyànjiyàn kù.

Ìṣòro kan ṣì kù. Oṣù kọ̀ọ̀kan kọ́ ni ilé-ìwé ń gba owó. Ìbẹ̀rẹ̀ sáà ni. Bí bàbá bá ń fi ₦69,000 ránṣẹ́ lóṣù, tí oúnjẹ sì wọ́n sí i, a lè ti jẹ owó ilé-ìwé kí sáà tó wọlé. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ àdéhùn tó wúlò máa ń pín in sí méjì: kí bàbá san ìpín tirẹ̀ nínú owó ilé-ìwé, ₦45,000, tààrà sí ilé-ìwé ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà kọ̀ọ̀kan, kí ó sì máa fi ₦57,750 tó kù ránṣẹ́ lóṣooṣù. Àdéhùn tó péye tún máa ń sọ ẹni tí yóò san owó bí ọmọ bá ṣàìsàn lójijì tí a sì dá a dúró sí ọsibítù, nítorí pé irú ìnáwó bẹ́ẹ̀ kì í sí nínú ètò oṣù.

Adájọ́ lè pàṣẹ kí a máa san owó náà lọ́sẹ̀ tàbí lóṣù, tàbí kí a san án lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Fún òbí tí iye tó ń wọlé fún un kò dúró lójú kan, bí awakọ̀ dánfó, oníṣòwò ọjà tàbí birikilà, sísan lọ́sẹ̀ sábà máa ń rọrùn ju ti oṣù lọ.

*9.4.3 Títí di ìgbà wo?* Lábẹ́ òfin ọdún 1970, ilé-ẹjọ́ kì í pàṣẹ owó ìtọ́jú fún ọmọ tó ti pé ọdún 21, àfi tí ìdí pàtàkì bá wà, bí àìsàn tàbí àbùkù ara tí kò jẹ́ kí ọmọ lè dá dúró.

Iye tí adájọ́ pa láṣẹ lónìí kì í ṣe ohun tí a kò lè yí padà. Bí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ òbí, bí ọjà bá gbówó lórí, tàbí bí ọmọ bá wọ ilé-ìwé gíga, ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn lè padà sí ilé-ẹjọ́ náà láti béèrè pé kí wọ́n fi kún un tàbí kí wọ́n dín in kù. Ohun tí kò bófin mu ni kí òbí fúnra rẹ̀ dín in kù láìsọ fún ilé-ẹjọ́.

9.5 Ẹ̀tọ́ òbí tí ọmọ kò gbé lọ́dọ̀ rẹ̀

Òbí tí ìkáwọ́ ọmọ kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ ṣì jẹ́ òbí lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́. Ó lẹ́tọ̀ọ́ láti máa rí ọmọ rẹ̀, àti láti dá sí ìpinnu ńlá nípa ayé ọmọ náà: ilé-ìwé, iṣẹ́ abẹ, ìrìn-àjò lọ sí òkè òkun. Ó tún yẹ kí a jẹ́ kí ó rí káàdì èsì ìdánwò ọmọ náà, kí a sì sọ fún un bí ara ọmọ náà ṣe ń ṣe. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọ kà á sí ẹ̀ṣẹ̀ ńlá kí ẹnikẹ́ni gbé ọmọ kúrò ní ìkáwọ́ ẹni tí òfin fi í sí, pàápàá láti gbé e jáde kúrò ní Nàìjíríà. Èyí kan òbí tó lọ dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé láti jí ọmọ ara rẹ̀ gbé.

Àṣẹ ìbẹ̀wò tó dára kì í fẹ̀ jù. Bí ìwé ìdájọ́ bá kàn sọ pé “bàbá lè máa wá wo ọmọ ní àkókò tó bá yẹ”, ìjà tuntun ló máa ń bí, nítorí pé àkókò tó yẹ lójú ẹnì kan kò yẹ lójú ẹnì kejì. Èyí tó wúlò máa ń dárúkọ ọjọ́, wákàtí àti ibi ìpàdé. Bí àpẹẹrẹ: ọjọ́ Sátidé méjì nínú oṣù, láti agogo mẹ́wàá àárọ̀ sí agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, kí a gbé ọmọ fún ara ẹni ní ilé ìyá àgbà, ìdajì ìsinmi ilé-ìwé lọ́dọ̀ bàbá, ìpè fóònù ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú. Níbi tí ìwà ipá bá ti wáyé, adájọ́ lè pàṣẹ kí ìbẹ̀wò máa ṣẹlẹ̀ ní ojú òṣìṣẹ́ wẹ́fíà tàbí ìbátan tí àwọn méjèèjì fọkàn tán, ó sì lè dá a dúró pátápátá bí ewu bá wà fún ọmọ.

Kókó tó ń da àwọn ènìyàn láàmú jù nínú orí yìí wà níhìn-ín. Owó ìtọ́jú àti ìbẹ̀wò kì í ṣe pàṣípààrọ̀. Ìyá kò gbọ́dọ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́ bàbá nítorí pé kò san owó oṣù mẹ́ta, bàbá náà kò sì gbọ́dọ̀ dá owó dúró nítorí pé wọn kò jẹ́ kí ó rí ọmọ. Olúkúlùkù ẹ̀ṣẹ̀ yìí ní àtúnṣe tirẹ̀ ní kóòtù. Ẹni tó bá fi ọ̀kan gbẹ̀san èkejì ń mú ẹ̀tọ́ méjì kúrò lọ́wọ́ ọmọ kan náà: oúnjẹ rẹ̀ àti òbí rẹ̀.

9.6 Bí òbí bá kọ̀ láti san

Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ kì í sábà jẹ́ kóòtù. Ní Èkó, Citizens’ Mediation Centre ń jókòó la ọ̀rọ̀ owó ìtọ́jú ọmọ láàárín àwọn òbí láìgba kọ́bọ̀, àdéhùn tí wọ́n bá fọwọ́ sí níbẹ̀ sì ṣeé gbé lọ sí ilé-ẹjọ́ kí ó lè di àṣẹ. Ọ́fíìsì wẹ́fíà ní ìjọba ìbílẹ̀ ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní àwọn ìpínlẹ̀ yòókù. Ẹni tí kò lówó láti gba lọ́yà lè lọ sí Legal Aid Council, àjọ tí ìjọba àpapọ̀ ti dá sílẹ̀ láti ọdún 1976, tàbí kí ó wá ẹgbẹ́ àwọn lọ́yà obìnrin, FIDA, tó ní ẹ̀ka ní ọ̀pọ̀ olú-ìlú ìpínlẹ̀.

Bí àṣẹ ilé-ẹjọ́ bá ti wà tí òbí kò sì tẹ̀ lé e, ẹni tí owó tọ́ sí lè bẹ ilé-ẹjọ́ náà pé kí wọ́n fi agbára mú un. Ilé-ẹjọ́ lè gba owó náà nínú àpò báńkì ajigbèsè, ó lè gbẹ́sẹ̀ lé dúkìá rẹ̀, ó sì lè pè é wá ṣàlàyé ìdí tí kò fi yẹ kí ó lọ sẹ́wọ̀n nítorí àìgbọ́ràn sí àṣẹ. Ẹni tí kò ní owó ní tòótọ́ yàtọ̀ sí ẹni tó ní tó kọ̀. Adájọ́ máa ń ṣe ìwádìí ìyàtọ̀ náà. Yàtọ̀ sí èyí, òfin tó dènà ìwà ipá, tí ìjọba àpapọ̀ gbé jáde ní ọdún 2015, sọ pé ẹni tó bá pa ìyàwó, ọkọ tàbí ọmọ rẹ̀ tì láìfi ohun ìgbẹ́mìíró sílẹ̀ ti dá ẹ̀ṣẹ̀ tó lè sọ ọ́ sẹ́wọ̀n. Olú-ìlú Àbújá ni òfin yẹn ti múlẹ̀. Àwọn ìpínlẹ̀ ń ṣe tiwọn.

Àkọsílẹ̀ ló ń gbe ẹjọ́ báyìí. Kóòtù ìbílẹ̀ sábà máa ń pàṣẹ kí owó máa gba ọwọ́ akọ̀wé kóòtù kọjá, kí ẹnikẹ́ni má baà jiyàn. Níbi tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, sísan láti báńkì sí báńkì dára ju fífi owó lé ọmọ lọ́wọ́ lọ. Kò yẹ kí a máa fi ọmọ ṣe oníṣẹ́ láàárín òbí méjì tó ń bínú síra wọn.

9.7 Bí òbí kan bá wà ní Ìlú Ọba

Ìlànà Ìlú Ọba yàtọ̀ gédégédé, nítorí pé ìdá kan pàtó wà níbẹ̀. Child Maintenance Service, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń ṣe ìṣirò náà, máa ń wo owó tó ń wọlé fún òbí lọ́sẹ̀ kí a tó yọ owó orí. Fún ẹni tí owó rẹ̀ wà láàárín £200 sí £800 lọ́sẹ̀, ó jẹ́ ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún fún ọmọ kan, ìdá 16 fún ọmọ méjì, ìdá 19 fún ọmọ mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdínkù wà fún òbí tí ọmọ ń sùn lọ́dọ̀ rẹ̀: bí ó bá jẹ́ òru 52 sí 103 lọ́dún, a ó yọ ìdá kan nínú méje, bí ó bá jẹ́ 104 sí 155, a ó yọ ìdá méjì nínú méje.

Àpẹẹrẹ: bàbá kan ní Peckham ń gba £500 lọ́sẹ̀, ó sì ní ọmọ méjì tó ń gbé lọ́dọ̀ ìyá wọn ní Lọ́ńdọ̀nù kan náà. Ìdá 16 nínú £500 jẹ́ £80. Àwọn ọmọ náà ń sùn lọ́dọ̀ rẹ̀ ní òru 110 lọ́dún, nítorí náà a ó yọ ìdá méjì nínú méje, ó kù £57.14 lọ́sẹ̀.

Ṣùgbọ́n iléeṣẹ́ yìí máa ń fẹ́ kí ọmọ náà máa gbé ní Ìlú Ọba. Bí bàbá bá wà ní Peckham tí ọmọ sì wà ní Ìbàdàn, àdéhùn tàbí ilé-ẹjọ́ ni ìyá yóò gbé ọ̀rọ̀ náà lọ. Ní irú ipò yìí, àdéhùn gbọ́dọ̀ sọ owó ìlú tí a ó fi san án. Òbí tó ṣèlérí náírà kan pàtó ní ọdún márùn-ún sẹ́yìn lè máa san iye yẹn gan-an títí di òní, kí ohun tí owó náà lè rà fún ọmọ sì ti lọ sílẹ̀ púpọ̀.

Àwọn kókó

- Irú ìgbéyàwó ló ń sọ ilé-ẹjọ́ tí yóò tú u ká. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọ kan gbogbo ọmọ.
- Ire ọmọ ló ṣáájú nínú ìpinnu ìkáwọ́. Owó tàbí ẹ̀bi nínú ìgbéyàwó kò tó láti fi gba ọmọ.
- Ọmọ ló ni owó ìtọ́jú, òbí méjèèjì ló sì jẹ ẹ́, ní ìwọ̀n agbára wọn.
- Owó ìtọ́jú àti ìbẹ̀wò kò so mọ́ ara wọn. Ilé-ẹjọ́ nìkan ló lè yí àṣẹ tó ti pa padà.

Ìdánrawò

1. Ní gbólóhùn kan tàbí méjì, sọ ìtumọ̀ (a) ìkáwọ́ ọmọ (b) ojúṣe òbí (d) ire ọmọ.

2. Tọkọtaya kan ṣe ìgbéyàwó ní rẹ́jísírì ní Abẹ́òkúta. Ọkọ gba ìwé ìkọ̀sílẹ̀ ní kóòtù ìbílẹ̀. Ṣé ìgbéyàwó náà ti tú ká? Fi ìdí gbe ìdáhùn rẹ.

3. Sọ ọ̀nà méjì tí ìlànà hadana fi jọ ti òfin ọdún 1970, àti ọ̀nà méjì tí ó fi yàtọ̀ sí i.

4. Ìnáwó ọmọ kan jẹ́ ₦120,000 lóṣù. ₦250,000 ló ń wọlé fún bàbá, ₦150,000 fún ìyá. Pín ìnáwó náà gẹ́gẹ́ bí a ti ṣe ní 9.4.2.

5. Ìyá kan ní Lọ́ńdọ̀nù ń gba £400 lọ́sẹ̀. Ọmọ rẹ̀ kan ń gbé lọ́dọ̀ bàbá ní ìlú kan náà, ó sì ń sùn lọ́dọ̀ ìyá ní òru 60 lọ́dún. Èló ni ìyá yóò máa san lọ́sẹ̀?

6. Kọ àṣẹ ìbẹ̀wò fún ọmọ ọdún mẹ́fà tó ń gbé lọ́dọ̀ bàbá ní Adó-Èkìtì, tí ìyá rẹ̀ sì jẹ́ nọ́ọ̀sì ní Àkúrẹ́ tó máa ń ṣiṣẹ́ òru. Dárúkọ ọjọ́, wákàtí, ibi ìpàdé àti ètò ìsinmi ilé-ìwé.

7. Bàbá kan kò san owó oúnjẹ fún oṣù mẹ́rin. Ìyá kò jẹ́ kí ó rí ọmọ láti ìgbà náà. Ìgbésẹ̀ wo ló tọ́ kí ẹnì kọ̀ọ̀kan gbé? Ẹ pín kíláàsì sí méjì. Kí apá kan kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sí ilé-ẹjọ́ fún bàbá, kí apá kejì kọ ti ìyá.